Ẹ Jẹ́ Kí Apá Kan Nínú Ilẹ̀ Yín Hu Igbó

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun ìtìjú ni kí koríko bo ẹ̀yìnkùlé ẹni. Bí àlejò bá wọ agbo ilé kan, tí ó sì bá a pé igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ní ọkàn ara rẹ̀ ni pé àwọn onílé ti kó lọ, tàbí pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Láti ayé àwọn wolé-wolé ni a ti kọ́ wa pé ilẹ̀ tí a gbá, tí a ro, tí kò ní ewé kan lójú, ni ilẹ̀ tí ó mọ́. Ẹ̀kọ́ rere ni ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìdọ̀tí àti àrùn.

Ṣùgbọ́n a ti mú ẹ̀kọ́ yìí kọjá ààlà. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lórí òkè Mápó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní ọdún 1929, tí ó sì wo ìsàlẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrunká, òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún ni yóò máa rí láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Igi ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Níbi tí ilẹ̀ díẹ̀ bá sì ṣẹ́kù sí láàárín agbo ilé, a ti da síméǹtì bò ó, tàbí kí a máa ro ó nígbà gbogbo títí yóò fi le bí òkúta. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní ìlú àti ní abúlé, àǹfààní tí ó wà nínú fífi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó hu ohun tí ó bá wù ú, àti bí a ṣe lè ṣe é tí kò ní mú ewu wá.

OHUN TÍ ORÚKỌ WA Ń SỌ FÚN WA

Àwọn àgbà sọ fún wa pé Ẹ̀bá-Ọ̀dàn ni orúkọ tí ó di Ìbàdàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlú yìí wà níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn. Orúkọ Bẹẹrẹ náà sì bá orúkọ koríko kan dọ́gba, èyíinì ni koríko bẹẹrẹ tí àwọn baba ńlá wa fi ń bo ilé kí páànù tó dé. Ní Ọ̀yọ́, koríko yìí níyì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣe ọdún rẹ̀, ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru koríko náà wá láti fi bo ààfin. Koríko tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín ni, síbẹ̀ ọba ń retí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn baba wa mọ ìlò ilẹ̀ tí a kò ro. Bí àgbẹ̀ bá ti gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí ojú kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó sì rí i pé ilẹ̀ ti ṣá, a fi í sílẹ̀ a sì lọ ṣán ibòmíràn. Ó lè tó ọdún méje tàbí mẹ́wàá kí ó tó padà síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ń sinmi, àti pé nínú ìsinmi rẹ̀ ni ó ti ń gba agbára padà.

BÍ ILẸ̀ ṢE Ń WO ARA RẸ̀ SÀN

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ewéko kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ yọjú: tẹ́tẹ̀, imí-eṣú, ẹ̀bọ́lọ́, gbúre àti oríṣìíríṣìí koríko. Wọ́n bo ojú ilẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Lẹ́yìn wọn ni àwọn igi kúkurú àti ìtàkùn yóò dé. Lẹ́yìn èyí ni àwọn igi ńlá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Ẹyẹ ni ó ń ju èkùrọ́ ọ̀pẹ sílẹ̀. Àdán ni ó ń jẹ èso ìrókò tí ó sì ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ káàkiri lóru. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé òwú àràbà pẹ̀lú kóró inú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Gbòǹgbò àwọn igi wọ̀nyí ń lọ jìnnà sí ìsàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé, wọ́n sì ń fa ọ̀rá ilẹ̀ gòkè wá sínú ewé. Nígbà tí ewé bá wọ́ sílẹ̀, ekòló, ọ̀kùn àti ikán yóò jẹ ẹ́, wọn yóò sì sọ ọ́ di ilẹ̀ dúdú. Ekòló a máa lu ihò sínú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi a sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Báyìí ni ilẹ̀ tí ó ti ṣá ṣe ń padà di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ẹni tí ó ń gbá ewé jọ lójoojúmọ́ tí ó sì ń sun ún níná, oúnjẹ ilẹ̀ ni ó ń sun.

ÒJÒ, ÀGBÀRÁ ÀTI KÀǸGA

Ní Ìbàdàn, ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn ẹwà lọ. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Orí òkè ni àárín ìlú wa wà. Òjò tí ó bá rọ̀ sí orí òkè Mápó àti àyíká Bẹẹrẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà lọ sí ìsàlẹ̀, apá kan sí odò Ògùnpa, apá kan sí Kúdẹtì. Bí ó bá bọ́ sórí páànù, tí ó ti orí páànù bọ́ sórí síméǹtì, tí ó ti orí síméǹtì bọ́ sójú títì, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Gbogbo rẹ̀ ni yóò dé odò lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí ó ti dàgbà tí yóò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ «omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù» ti di ohun tí a fi ń rántí ibi tí ó dé bá wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún yalé. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ, ọ̀pọ̀ afárá sì wó. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé yá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi ṣe iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn.

A kò sọ pé koríko nìkan lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró. Ilé tí a kọ́ sí etí odò àti pàǹtí tí a dà sínú gọ́tà wà lára ohun tí ó fa àjálù náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ tí ewéko ń ṣe. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ewé ni ó ń kọ́kọ́ gba ẹ̀kán omi, kì í jẹ́ kí ó fi agbára lu ilẹ̀. Koríko àti ewé gbígbẹ tí ó wà nílẹ̀ yóò dí omi lọ́wọ́ kí ó má baà sáré. Bí omi ti ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gba ihò ekòló àti ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò wọ inú ilẹ̀ lọ. Omi tí ó bá wọlẹ̀ báyìí kò ní di àgbàrá mọ́. Òun ni a ó padà rí nínú kàǹga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn agbo ilé tí ó ń kùn pé kàǹga wọn ń tètè gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ kí òjò lè gbà wọlẹ̀.

Ní Ìbàdàn níhìn-ín ni a sì ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí a mọ̀ sí IITA láti ọdún 1970 títí di ọdún 1987. Ó fi hàn pé ilẹ̀ olóòkè tí a kọ tí a sì fi sílẹ̀ ní ìhòòhò ni àgbàrá ń gbá lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ewé àti pòròpórò bò lórí kì í pàdánù nǹkan púpọ̀. Ní ọdún 2020, a fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀.

ỌRỌ̀ FÚN ÀGBẸ̀ KÒKÓ ÀTI OLÓKO Ọ̀PẸ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbé abúlé, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Òdòdó kòkó kì í di èso bí lẹ́búlẹ́bú akọ kò bá kan abo. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ yìí fún kòkó, oyin pàápàá kì í sábà ṣe é. Kòkòrò tíntìntín kan, tí ó dà bí kantíkantí, ni ó ń ṣe é. Inú ewé jíjẹrà, èèpo kòkó àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń rà ni kòkòrò yìí ti ń pa ọmọ. Bí a bá gbá abẹ́ kòkó mọ́ féfé tí a sì sun gbogbo ewé, a ti sun ilé òṣìṣẹ́ tí ó ń bá wa so èso náà. A gbọ́dọ̀ kó èso tí àrùn ti mú kúrò lóko, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ewé gbígbẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà sí abẹ́ igi. Ilé Ìwádìí Kòkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ àlàyé síwájú sí i lè lọ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pẹ. Ní ilẹ̀ Malaysia, ọ̀pẹ wọn kò so dáadáa fún ìgbà pípẹ́, a sì máa ń gba owó òṣìṣẹ́ láti fi ọwọ́ da lẹ́búlẹ́bú sí abo òdòdó. Ní ọdún 1981, wọ́n kó kòkòrò kan láti ilẹ̀ Kamẹrúùnù lọ sí ọ̀hún, kòkòrò tí ó ń gbé orí akọ òdòdó ọ̀pẹ. Láti ìgbà náà ni kòkòrò ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí wọ́n wá rà lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà ni àwa ń fi iná àti oògùn apakòkòrò pa ní ọ̀fẹ́.

ÀPẸẸRẸ TÍ A LÈ FI OJÚ RÍ

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lè di igbó, kí ó lọ sí IITA, ní ọ̀nà Mọ́níyà. Nígbà tí a dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀ ní ọdún 1967, a fún un ní ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà, èyí tí abúlé àti oko wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A fi ọgbà yí i ká, a sì fi apá kan rẹ̀, tí ó tó 350 hẹ́kítà, sílẹ̀ láìro. Igbó dúdú ni ibẹ̀ lónìí. Níbẹ̀ ni ẹyẹ kan ń gbé tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí ara rẹ̀ dúdú tí ó sì ní pupa. Ọdún 1951 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di ọdún 1958 a fi orúkọ Ìbàdàn pè é nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹyẹ. Apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó wà nínú gbogbo ayé, ó sì ti ṣọ̀wọ́n gidigidi. Bí igbó tí ó ń gbé bá tán, orúkọ ìlú wa yóò parẹ́ lára ohun alààyè.

Àpẹẹrẹ kejì ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni, láàárín ìlú ńlá. Ní ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Arábìnrin Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, bá àwọn olùsìn àti oníṣẹ́-ọnà ìlú náà dáàbò bò ó títí ó fi kú ní ọdún 2009. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé. Irú ewéko tí ó ju 400 lọ ni a kà níbẹ̀, àwọn tí ó ju 200 lọ nínú wọn ni a sì mọ̀ pé oògùn ni wọ́n. Ohunkóhun tí ìgbàgbọ́ wa ìbáà jẹ́, a lè rí i pé èèwọ̀ tí àwọn baba fi lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀ ni ó pa ewé oògùn wọ̀nyí mọ́ dè wá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ wa ní gígé koríko ilé ìjọba ní mọ́límọ́lí pàápàá ti ń yí padà. Láti ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Plantlife ti ń rọ àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n má ṣe gé koríko ọgbà wọn nínú oṣù Karùn-ún, kí òdòdó lè yọ fún oyin àti labalábá.

ÀǸFÀÀNÍ FÚN ARA ÀTI ỌKÀN

Ewé tútù a máa mú ara tù. Ooru tí ó wà lábẹ́ páànù ní ọ̀sán ní Bẹẹrẹ, olúkúlùkù ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì jókòó lábẹ́ igi ní wákàtí kan náà mọ ìyàtọ̀. Òjìji nìkan kọ́ ni ó fà á. Omi tí igi ń fà láti inú ilẹ̀ ń di ooru omi lára ewé, èyí sì ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Roger Ulrich wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 46 tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Fèrèsé àwọn kan kọjú sí igi, ti àwọn yòókù kọjú sí ògiri. Ó kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1984: àwọn tí ó ń rí igi tètè lọ sílé ju àwọn tí ó ń rí ògiri lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n sì lò kéré jù. Bí wíwo igi láti ojú fèrèsé bá lè ṣe èyí, ẹ wo ohun tí ó lè ṣe fún àgbàlagbà tí ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Kí a má gbàgbé ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀bọ́lọ́, gbúre, yánrin àti wọ̀rọ̀wọ́ a máa hù fúnra wọn níbi tí a bá ti gbà wọ́n láyè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ni kò mọ̀ wọ́n mọ́ àyàfi lórí àtẹ ní Ọjà'ba.

ẸJÒ, Ẹ̀FỌN ÀTI AJÁGUNGBALẸ̀

A mọ ohun tí ẹ ó fi dá wa lóhùn. Ẹ ó ní, «Ejò ńkọ́?» Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ejò a máa wá ibi ìfarapamọ́ àti eku tí yóò jẹ. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí igbó dé ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tí a gbá mọ́, tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán, wà láàárín ilé àti ibi tí a dá sí. Ẹ má ṣe kó òkìtì igi tàbí bíríkì síbẹ̀, ẹ má sì ṣe da àjẹkù oúnjẹ síbẹ̀, nítorí pé àjẹkù ni ó ń pe eku, eku ni ó sì ń pe ejò.

Ní ti ẹ̀fọn, inú omi tí ó dúró ni ó ń yé sí. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọn a máa sinmi lábẹ́ ewé ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi nínú agolo, táyà àti ìkòkò fífọ́, kò ní rí ibi bímọ. Ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, aláǹtakùn àti àdán kéékèèké tí ń jẹ kòkòrò yóò sì bá wa pa nínú wọn. Ẹni tí ó ro ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tí ó fi táyà mẹ́ta gbígbà-omi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò tíì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ibà.

Ohun kẹta ni ẹ̀rù ajágungbalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ń ro ilẹ̀ wọn kí ẹlòmíràn má baà sọ pé kò ní olúwa. Àwọn baba wa ní oògùn rẹ̀: pèrègún. Ẹ gbin pèrègún sí ààlà, ẹ fi ìwé ilẹ̀ pamọ́, kí mọ́gàjí sì sọ fún gbogbo ẹbí àti aládùúgbò pé a mọ̀ọ́mọ̀ dá ibẹ̀ sí ni.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Kò sí ẹni tí a ní kí ó sọ gbogbo àgbàlá di aginjù. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ lè dá ìdá kan nínú mẹ́rin sí. Ẹni tí kò ní ju igun ògiri kan lọ lè yọ síméǹtì ìwọ̀n ẹní kan kúrò, kí òjò lè ríbi wọlẹ̀. Àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá odò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ: ẹ má ṣe ro etí odò, ẹ má ṣe gbin àgbàdo dé ẹnu omi, nítorí pé gbòǹgbò koríko ni ó di etí odò mú kí ó má baà ya.

Ẹ máa wo ohun tí ó ń hù. Kì í ṣe gbogbo ewéko ni ọ̀rẹ́ wa. Ewé tí àwọn ará oko ń pè ní Akíntọ́lá, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, lè dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, ṣùgbọ́n bí a bá gbà á láyè yóò bo gbogbo ewéko yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ fà á tu kí ó tó yọ òdòdó. Bí ìrókò tàbí àràbà bá hù sí ibi tí ó sún mọ́ ilé, ẹ tètè ṣí i kúrò nígbà tí ó ṣì kéré. Nígbà ọyẹ́, ẹ gé koríko tí ó ti gbẹ ní gbogbo ààlà ibẹ̀ kí iná má baà ràn án, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sun ún. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó rà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìmọ̀ràn lórí igi tí ó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu lè lọ béèrè ní Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Igbó tí ó wà ní Jẹ́ríkò láti ọdún 1954.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi tó aládùúgbò àti òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ yín létí. Ẹ fi ọ̀nà tí a gbá mọ́ yí ibẹ̀ ká, kí ẹni tí ó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìpatì.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé kan kò lè dá omíyalé dúró. Ṣùgbọ́n bí agbo ilé kọ̀ọ̀kan láti òkè Mápó dé etí Kúdẹtì bá dá igun kan péré sí, òjò tí yóò wọlẹ̀ yóò pọ̀, èyí tí yóò sì sáré lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀ yóò dín kù. Kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan igun tiyín, kí ẹ sì gbé ọkọ́ kúrò níbẹ̀.